Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Tún Ní Kí N Ṣe

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Fọlágbadé,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, ọdún 1988.

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé òtútù ilẹ̀ òyìnbó yẹn kò tíì sọ yín di yìnyín? Ara ìyá mi le. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, àárò rẹ ń sọ mí gidi. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ níbí.

O rántí ọjọ́ tí ilé ìwé wa kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ jọ, tí wọ́n ní ká wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò nítorí àrùn éèdì, tí wọn kò sì pe òyìnbó kankan sí i. Ìwọ na apá fún wọn, o sì ń ka ìwé rẹ lọ. Èmi olóríkunkun kọ̀, mo di ẹrù mi, mo wálé. Mo rò pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọn yóò fi gbà mí.

Àṣé ilé ti gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní òyìnbó ló ni àrùn náà, pé àwa tí a ti ọ̀dọ̀ wọn dé là ń kó o bọ̀. Gbàdàmọ́sí tó ń fárí fún mi láti kékeré ní kí n máa mú abẹ tèmi dání. Mo fi rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Ayépé láti bá bàbá Susannah, àfẹ́sọ́nà mi, dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Tíṣà àtijọ́ ni bàbá yìí. Àwọn ló máa ń fi ìbínú sọ fún wa pé nígbà èwe wọn, nítorí ibà, ọ̀tọ̀ ni òyìnbó ń kọ́lé sí, kí àìsàn wa má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé àga tèmi sí.

Wọ́n ní, “Theophilus, n kò sọ pé o ṣàìsàn. Ilẹ̀ òyìnbó lo ti ń bọ̀ ni. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò kí n tó fún ọ lọ́mọ.”

Ohun tí dókítà tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò nílé ìwé sọ fún wa gan-an nìyẹn, àfi pé ilẹ̀ adúláwọ̀ ni tirẹ̀. Susannah ń wo ilẹ̀. Nígbà tó sìn mí dé ìdíkọ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n ṣe é nítorí òun. Mo wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fún bàbá Susannah lésì. Mo mọ̀ pé ara mi dá, kì í ṣe ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo kọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo nílé tí mo lè padà sí. Bí mo bá kọ̀ níbí, ibo ni n ó padà sí?

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà nílé,
                                        Theophilus.