Ẹ̀rọ Ìránṣọ Kọ́ Ló Fa Egbò Ìka Mi

Ọmọ mi, ìyá ìkókó,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tí ojú mi kò tíì rí àfi nínú gíláàsì fóònù. Kí ọmú rẹ má gbẹ, kí ọmọ náà má fi òru dá yín lóró. Gbogbo wa nílé wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá yín ń bú ewúrẹ́ láràárọ̀, ara wọn le nìyẹn. Má wo bí lẹ́tà yìí ṣe rí wúruwùru, ìka méjì tí báńdéèjì kò tíì dé ni mo fi di báírò mú, mo sì ń dìde mo ń jókòó, ara mi kò balẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù tí o rà fún mi sọ pé òun kò mọ̀ mí mọ́. Ìwọ náà lo fi àtàǹpàkò mi hàn án, tí o ní ẹlòmíràn kò ní lè ṣí i. Wàyí o, àtàǹpàkò náà ti bó, èékánná rẹ̀ ti já bọ́, mo gbé e lé e títí, ó ní rárá. Mo fi ti òsì, ó kọ̀. Mo fi ti ẹsẹ̀, bàbá yín rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà, mo kọ nọ́ńbà tìrẹ sí i, kò gbà. Mo wá sọ orúkọ ara mi àti ti bàbá mi fún un, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

O mọ̀ pé bíi rorẹ́ kékeré lábẹ́ èékánná ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó di ọyún, ọyún di egbò, bí ọ̀kan ṣe ń jinná ni òmíràn ń là, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ṣáá. Mo ronú, mo ronú. Kí ni ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ mi jọ ń ṣe láyé yìí bí kò ṣe aṣọ rírán? Ọwọ́ ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Mo ní, ọwọ́ ti tẹ olè! Mo gbé omi kaná, mo fi ọṣẹ fọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi tinú tẹ̀yìn, mo da oògùn apakòkòrò sí i, mo sá a sóòrùn bí ẹni sá àgbàdo. Ọmọ mi, ẹ̀rọ ti dípẹtà, kò yí mọ́, egbò sì wà níbẹ̀ digbí.

Àwọn oníbàárà ti wá kó aṣọ wọn lọ. Olórí akọrin rán ènìyàn wá gba bùbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi igi gbé e. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pè é lábẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi.

Dókítà tuntun tó dé sílé ìwòsàn wa, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ rárá. Ó ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, òun kò rí i rí àfi nínú ìwé. Nínú gbogbo ohun tó ṣọ̀wọ́n láyé, wúrà wà níbẹ̀ o, èyí ló wá kàn mí. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara mi ló ṣìnà tí wọ́n ń bá mi jà. Mo ní kó júwe ọ̀gá wọn fún mi kí n lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní wọn kò ní ọ̀gá, oògùn ni yóò pẹ̀tù sí wọn nínú. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò ránṣẹ́ sáwọn àgbà dókítà lókèèrè. Mo ní kó dúró. Mo tiro lọ sílé, mo wọ bùbá aláwọ̀ ewé mi, mo we gèlè, mo kun àtíkè. Ìka nìkan ló yà! Bí wọ́n bá fèsì, ta ni wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn ń kí?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí o fi ọmọ hàn mí, kí fóònù tó kọ̀ mí, ìyá oníbúrẹ́dì aládùúgbò wa ló bá mi di fóònù mú. O bi mí pé kí ló dé tí mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní òtútù ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kó má gba inú fóònù ran ọmọ. Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ràn, ì báà ṣe nínú fóònù, ì báà ṣe lójúkojú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán di ọwọ́ mi mú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì í mú, ọmọ mi. Mo sunkún níwájú gbogbo aláìsàn.

O ní kí n má tíì wá, pé ilé yín há, pé ìyá ọkọ rẹ ń wẹ ọmọ dáadáa. Mo gbọ́. Ilé tó gba ìyá ọkọ, tó wá há nígbà tó kan ìyá ìyàwó, mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀, ó ti tán. Èmi tí mo ni ìka gan-an bẹ̀rù kí n tó mọ̀ pé kì í ràn, kí ló dé tí ẹ̀yin kò ní bẹ̀rù?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀, má fi gba inú fóònù, kò ní fún mi. Owó ẹni tí yóò bá mi tún ẹ̀rọ ṣe, owó báńdéèjì, àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé mi wá sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn nìkan lo rí, ó tó.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ náà sí fún yín, ọmọ ni yóò sin yín gbẹ̀yìn. Bí ọkàn rẹ kò bá sì tíì balẹ̀, mi ò ní wẹ̀ ẹ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án lójú. Sáà gbé e pọ̀n mí, kí o fi ọwọ́ ara rẹ so ọ̀já. Kò sí egbò lẹ́yìn mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.