Àmín Inú Bọ́ọ̀sì

Tuesday, Peckham

Ojú ń tì mí. Ní Sunday, mo gba máìkì ní church, mo jẹ́rìí pé gbogbo protein tí mò ń yẹ̀ wò ló ní signal peptide, àmì tó ń darí protein jáde kúrò nínú cell. Ìjọ jó, Pastor jó.

Lónìí ni mo rí àṣìṣe mi. Yes tàbí No ni software ń kọ síwájú protein kọ̀ọ̀kan. Library, ìyẹn code tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tó ń bá mi ka èsì ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ code tó ka ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, títí kan No, sí Yes. Kí ló tiẹ̀ lé mi débi máìkì?

Nínú bọ́ọ̀sì láti Camberwell, Mummy Ṣadé tí a jọ ń lọ church dì mọ́ mi. “Ọmọ mi, testimony ẹ gbé mi ró! Ọlọ́run á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo la ẹnu kí n sọ òótọ́ fún wọn.

“Àmín” ló jáde, ó sì ròkè débi pé obìnrin tó jókòó níwájú wa náà ṣe àmín.