Òyìnbó Inú Fọ́tò Yín

Màmá Àgbà mi,

Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi, ìwé mẹ́fà náà ni mo kà. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Akínkúnlé. Ara wa le ní Pearland, ní Amẹ́ríkà níbí. Mo ti lóyún oṣù méjì.

Lékè ọkọ mi ń wádìí bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ará Ítálì ni, Ademollo ló ń jẹ́. Akọ̀wé Èkó ló sọ ọ́ di Adémọ́lá. Lékè fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Màmá, òyìnbó oníka mẹ́rin lọ́wọ́ kan, tí fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ yín ni, tí ẹ ní bàbá yín ni! N ò tíì sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé gbogbo òyìnbó ló jọra. Ẹ ó fọwọ́ yín gbé ọmọ yìí.

Lékè ń pè mí: “Doyin, wá ná! Wọ́n kọ orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò!” Ó ní ọmọ náà ń jẹ́… Yéè, Màmá, orúkọ yín ló pè!