Ohun Tí Ọ̀gá Pilling Sọ Láàárín Ariwo Ẹ̀rọ

Bacup, Lancashire,
Oṣù Kọkànlá, 1852.

Reuben, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi le, ẹnu sì ń rí nǹkan jẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní tí wọ́n bá fẹ́ gé owó ọ̀sẹ̀ wa, kí n gbà, nítorí àwọn olùkọ́ yín ní Manchester ti ṣàlàyé pé owó òṣìṣẹ́ dà bí omi odò, ibi tó bá wù ú ló ń ṣàn sí, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Háà, Reuben! Ọmọ tí mo bí ló wá ń kọ́ mi bí ebi ṣe ń rìn!

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá Pilling mú àlejò kan wọ ilé ìhunṣọ wa. O mọ ariwo ibẹ̀, ìbọn ò tó o. Ọ̀gá rò pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ òun. Kò mọ̀ pé ojú làwa obìnrin fi ń gbọ́ràn níbẹ̀, ètè la sì fi ń tàkúrọ̀sọ láti àárọ̀ títí dalẹ́. Mo rí i kedere bó ṣe ń sọ fún àlejò náà pé, "Ọjà wa ń tà gan-an. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá yó kì í tètè jí. Ebi ló mọ bí wọ́n ṣe ń jí wọn."

Zillah Haworth, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí tèmi, fi ètè sọ fún mi pé: "Ṣé o rí ẹlẹ́nu ẹja yìí?" Èmi náà fi ètè dá a lóhùn pé mo rí i, inú sì ń bí mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà ò tà rárá. Òfin ọrọ̀ ajé ni, bí òjò ló rí, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Ẹ jẹ́ ká gé owó yìí." Àwọn ọkùnrin ti ń mi orí pé òótọ́ ni. Tí mo bá dákẹ́, ebi á wọlé gbogbo wa. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ méjì tí mo fi ń jẹun látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ó lọ nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀. Mo ka gbogbo ohun tó sọ fún àlejò rẹ̀, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀.

Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí àwọn obìnrin ṣe kọjú sí i, tí gbogbo wọn ń fi ètè wí ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ kí ohùn jáde, títí kan ìyàwó alábòójútó wa tó ń hunṣọ pẹ̀lú wa. Ọ̀gá yíjú sí alábòójútó: "Kí ni wọ́n ń wí?" Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín ni, sà." Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọ̀gá.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé irọ́ ló pa, wọn ò gé owó náà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lé mi lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí o, n kò ní parọ́ fún ọ. Zillah fẹ́ bá mi jáde, mo ní kó lọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn Kérésìmesì, màá wá sọ́dọ̀ rẹ. Wá ibi tí màá sùn sí fún mi.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó má jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ sọ ọ́ di ọ̀dájú.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Keturah Entwistle.

Mo tún rántí: ọmọbìnrin tí wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ mi wá kí mi lánàá. Ẹkún ló ń sun, ó ní kí n má bínú sóun. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó jókòó síwájú mi, kó máa wo ẹnu mi dáadáa. Mo ti ń kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń fi ojú gbọ́ràn.