Sílíńdà Ọ̀tún àti Ti Òsì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ọdún kìíní mi nílé ẹ̀kọ́ yìí ń lọ dáadáa. Mo rántí pé alùpùpù àtijọ́ tí ẹ fún mi pé kí n tún ṣe lẹ fẹ́ gùn padà sílé tí ẹ bá wá kí mi.

Nínú sílíńdà méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ti ọ̀tún nìkan ló kọ iṣẹ́, mo sì tú u. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà kí n tọ́jú ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Ṣebí tí bàtà ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa bá já, méjèèjì lẹ máa ń ra tuntun fún. Mo bá tú ti òsì náà. Kò sí ìyàtọ̀ láàrin wọn mọ́ báyìí. Àwọn méjèèjì ló dákẹ́. Bóyá ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi yín.

Ìyá onílé yọjú sí yàrá mi, wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ò ń tún un ṣe ni àbí ò ń pín ogún rẹ̀?"

Mo ní, "Mò ń tún un ṣe ni, mà."

Wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè kí alùpùpù lè gbọ́.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ yàrá mi ò le rárá, àti pé ẹ́ńjìnnì ń gbádùn bẹ́ẹ̀dì.

Èmi ọmọ yín ni.