Pákó Tí Bàbá Rẹ Kàn Sórí Afárá

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà? Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń bá mi ṣọ̀tá nígbà òjò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n gbúròó burúkú nípa rẹ.

Àbúrò rẹ obìnrin ti ṣàlàyé ohun tí o sọ lórí fóònù fún mi. Ó ní ohun èlò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó bàjẹ́, pé ìwọ lo rí ibi tó ti bàjẹ́ tí o sì tún un ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń nu ojú fóònù mi, bóyá èmi náà á rí ojú ibi tí o lẹ̀, n kò tíì rí i. Ṣé òjò kì í pa á níbi tí wọ́n gbé e sí?

Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin tó ń bójú tó ohun èlò náà ní kí o lọ tún iṣẹ́ rẹ ṣe, pé ó gùn jù, pé kò bá tàwọn yòókù mu, tí ìwọ náà wá ní o máa gba iṣẹ́ rẹ padà, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi sí i. Àbúrò rẹ tún ní òkè òkun ni ọkùnrin náà wà, pé bí o bá jí, ó ń sùn. Ta ló ń sùn lọ́sàn-án gangan? Ẹ lọ jí i.

Ṣùgbọ́n mo rántí bàbá rẹ. Télọ̀ ni, kò mọ iṣẹ́ káfíńtà rárá, àmọ́ nígbà tí pákó kan dá lórí afárá odò, tí gbogbo wa ń fo ibẹ̀, òun ló fi téèpù tó fi ń wọn ṣòkòtò lọ wọ̀n ọ́n, tó sì kan òmíràn síbẹ̀. Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà náà. Káfíńtà àgbà tó ń tọ́jú afárá wò ó, ó ní ìṣó rẹ̀ kúrú, kí ó tú u. Bàbá rẹ bínú wálé, kò jẹun, ó ní kí wọ́n máa fò ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ tí òòlù ń dún lódò. Ó ti lọ ra ìṣó gígùn. Àárò ìró òòlù yẹn ń sọ mí, ọmọ mi, àgàgà bí mo bá rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí mo faṣọ bò ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Orí pákó yẹn ni ìwọ gbà lọ sílé ìwé. Lánàá, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí pọn ọmọ kọjá níbẹ̀, kò tiẹ̀ wolẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnì kan ló kàn án. Inú mi dùn débi pé mo ní láti jókòó.

Nítorí náà, má gba iṣẹ́ rẹ padà. Ṣe é bí ọkùnrin náà ṣe wí, kí ọmọ ẹlòmíì lè ríbi gbà.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó oògùn orúnkún ránṣẹ́, kí o sì fi ti ìṣó gígùn kún un, nítorí orí ìṣó kan ti ń yọ lára pákó náà. Káfíńtà kan fẹ́ bá mi kàn án, mo ní kó dúró. Mò ń fi òkúta gbá a wọlé láràárọ̀ ná. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọ̀nà rẹ á là, á sì là wá sílé. Òòlù bàbá rẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.