Kéèkì Kékeré Orí Tábìlì

Túndùn,

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ọ láàárọ̀ yìí. O kàn béèrè ẹni tó ni kéèkì kékeré yẹn ni. Àbúrò mi Jàmàlúdéènì ló ni ín. Gbogbo Kérésì ni mo máa ń fi omi ọsàn rẹ èso kéèkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí kì í fẹnu kan wáìnì tí mo fi ń rẹ tiwa. Ọwọ́ mi ti pò ó tán kí n tó rántí pé a ti sin ín lẹ́yìn Iléyá.

Díẹ̀ ló kù kí n gbé e dànù, ni Zuwera ìyàwó rẹ̀ bá pè láti ilé wọn ní Tudun Wada. Ó ní òun ti fọ àwo Jàmàlú sílẹ̀, pé àwọn ọmọ ń béèrè ìgbà tí kéèkì bàbá wọn máa dé.

Má gé e o. Tiwa wà lórí fìríìjì, ìyẹn ni kó o gé. Fi aṣọ mímọ́ wé kékeré yẹn, kó o wọ kẹ̀kẹ́ gbé e lọ fún wọn. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbé mi wọ ilé yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí Zuwera bá béèrè mi, sọ pé mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé mò ń bọ̀.

Má bá mi dá ọjọ́ fún un.

Màmá rẹ